Sapelo, Erékùṣù Tí Kò Ní Afárá, àti Ilẹ̀ Bàbá Wa

Kò sí afárá tó dé Sapelo. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ yóò wakọ̀ dé Meridian, lẹ́bàá ìlú Darien ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba ti ń gbé èrò. Mọ́tò rẹ ò ní bá ọ kọjá. Èbúté ni wàá fi í sí, wàá gbé ẹrù rẹ dání, wàá sì jókòó títí ọkọ̀ yóò fi la irà kọjá bọ́ sí gbalasa omi tí wọ́n ń pè ní Doboy Sound, tí yóò sì gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Kì í pẹ́ tó wákàtí kan. Àmọ́ àlejò kò kàn lè wọ ọkọ̀ náà bó ṣe wù ú. Ó gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé amọ̀nà, tàbí kí ẹnì kan tó ń gbé erékùṣù náà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé àlejò òun ni.

Èmi ní ẹni tó fi orúkọ mi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Savannah ni ọmọ ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ń gbé Hog Hammock, abúlé kan ṣoṣo tó kù ní Sapelo. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kọ́kọ́ mú mi lọ kí Màmá náà ni mo ti ń lọ, nígbà tí àyè bá gbà mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ará ilé wa tí wọ́n ń bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi fọwọ́ sí i pé kí a ta ilẹ̀ bàbá wa. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn nìyí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Sapelo fúnra rẹ̀ kò kéré. Ó tó 16,000 éékà, igbó àti irà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ló sì ni gbogbo rẹ̀ tán pátá àyàfi ibi díẹ̀. Hog Hammock ni ibi díẹ̀ náà: ó lé ní 400 éékà, ojú ọ̀nà erùpẹ̀, àwọn ilé onípákó tí wọn kò tóbi, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìkàwé kékeré kan, àti àwọn mọ́tò àtijọ́ tí wọn kò tíì kúrò ní erékùṣù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn dé. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ ẹrú tó ń gbé ibẹ̀ báyìí kò pé 50. Gullah Geechee ni wọ́n ń pe irú wọn, àwọn ènìyàn dúdú etíkun tí ọ̀nà jíjìn sí ìlú ńlá jẹ́ kí èdè, oúnjẹ àti ìṣe àwọn baba ńlá wọn pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bí àwọn baba ńlá náà ṣe débẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ní 1802, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Thomas Spalding ra ilẹ̀ ní Sapelo, ó fi ẹrú gbin òwú àti ìrèké. Ògiri ilé tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n jó ìkarahun òyísítà di ẹfun, wọ́n pò ó mọ́ yanrìn, omi àti ìkarahun mìíràn, wọ́n dà á sínú pákó títí ó fi gan. Bí o bá gbé ọwọ́ lé ògiri náà, ìkarahun yóò gún ọ. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, mo sì ronú nípa àwọn ọwọ́ tó pò ó.

Láàárín àwọn ẹrú Spalding ni Bilali Muhammad wà. Ìlú Timbo ní Futa Jallon, ní ilẹ̀ tó di Guinea lónìí, ni ìlú rẹ̀. Bahamas ni ó ti kọ́kọ́ ṣẹrú kó tó dé Sapelo, ó sì di olórí àwọn òṣìṣẹ́ oko. Mùsùlùmí ni. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé olójú 13 kan ní èdè Lárúbáwá, lórí àlùwàlá, ìrun àti òfin ẹ̀sìn, ohun tó ti kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé tí kò sì jẹ́ kó parẹ́ lórí rẹ̀. Ìwé náà wà ní Yunifásítì Georgia títí dòní. Bàbá bàbá mi jẹ́ alfa, ó ní ilé kéwú ní abúlé wa, mo sì rántí wàláà rẹ̀ tó fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí Màmá sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ẹbí Sapelo, títí kan ẹbí tirẹ̀, ń ka ara wọn mọ́ Bilali, omi lé sí mi lójú. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn báyìí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni wọ́n ṣì ń kọjú òkú wọn sí.

Ibojì wọn wà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Behavior. Lórí sàréè àtijọ́, wọ́n máa ń gbé ohun tí olóògbé lò kẹ́yìn sí i: ife, àwo, àtùpà, aago. Wọn kì í fẹ́ kí àlejò máa rìn gbéregbère níbẹ̀, ìta ọgbà ni mo sì dúró sí, mi ò bẹ̀bẹ̀ láti wọlé.

Ìtàn ilẹ̀ wọn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ní oṣù Kìíní 1865, bí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe ń parí lọ, Ọ̀gágun Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n pín àwọn erékùṣù etíkun yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, éékà 40 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti fa àṣẹ náà ya, wọ́n dá ilẹ̀ padà fún àwọn tó ni ẹrú tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Sapelo kò jókòó sunkún. Wọ́n fi owó iṣẹ́ ọwọ́ wọn ra ilẹ̀. Ní 1871, William Hillery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n ra nǹkan bí 1,000 éékà ní Raccoon Bluff ní àríwá erékùṣù náà, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lóko ẹrú.

Àwọn ìletò mìíràn tún wà káàkiri. Kí ló wá kó gbogbo wọn sí Hog Hammock? Olówó ni. Howard Coffin, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Hudson sílẹ̀ ní Detroit, ra èyí tó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà ní 1912. Ní 1934, ó bọ́ sọ́wọ́ R. J. Reynolds Kékeré, ọmọ olówó sìgá. Láàárín ọdún 1950 sí àwọn ọdún 1960, Reynolds ń kó àwọn ará ìletò wọ̀nyí kúrò níbi tí wọ́n wà lọ sí Hog Hammock, ó ń fi ilẹ̀ àti ìlérí ilé tó dára gba ilẹ̀ wọn. Òun ni ọ̀gá iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òun náà ló ni ọkọ̀ tó ń gbé wọn kọjá omi. Èwo ni ẹni tó wà ní irú ipò yẹn yóò ṣe, tí kò ní gbà? Ó kú ní 1964, opó rẹ̀ sì ta apá tirẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ ní 1969 àti 1976. Raccoon Bluff ti di igbó. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ló kù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ń padà lọ jọ́sìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbé ìlú ńlá pẹ́, ní Èkó kí n tó dé Amẹ́ríkà, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ibi tí kò sí ọjà, tí kò sí ilé ìwòsàn. Ní Hog Hammock, ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ìlú yóò kọ́kọ́ fi tó àwọn aládùúgbò létí. Ẹnì kan á ní kó bá òun gba oògùn, ẹlòmíràn á fún un lówó bátìrì, ẹnì kẹta á ní kó wo ojú ẹ̀rọ àmúlétutù òun tó fẹ́ dẹnu kọlẹ̀ kó bá òun bèèrè iye rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn ló kẹ́yìn. Bí o bá pàdánù rẹ̀, òdìkejì lo máa sùn. Àwọn ọmọdé, nígbà tí wọ́n bá wà, ọkọ̀ yìí náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ilé ìwé erékùṣù náà. Allen Bailey tó gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Kansas City Chiefs wà lára àwọn tó dàgbà níbẹ̀.

Èmi ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń jókòó sí ìta, àwọn ìyá á tò wá. Bí mo bá bi ọ̀kan léèrè oògùn tó ń lò, ẹni tó jókòó tì í ló máa ń dá mi lóhùn. Ó mọ orúkọ oògùn náà, ó mọ ọjọ́ tó yẹ kó tán, ó sì mọ ẹni tó máa gbà á wá. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ẹni tó ń gba ìtọ́jú kò sì rí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń lò. Mi ò gbàgbé ìyàtọ̀ yẹn.

Oúnjẹ Màmá ni ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ láti ayébáyé. Láti Áfíríkà ni irú ẹ̀wà náà ti wá. Cornelia Walker Bailey, obìnrin tó kọ ìtàn erékùṣù náà, tó sì kú ní 2017, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n níyànjú láti gbìn ín fún títà, kí owó lè wọlé tí yóò máa bá wọn san owó orí ilẹ̀. Ẹja yíyan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àwọ̀n tí wọ́n ń jù mú. Mo jẹun náà, mo tún bu sí i. Kantíkantí ibẹ̀ ni kò dára. Ẹ má lọ láìfi nǹkan para.

Owó orí ilẹ̀ tí mo dárúkọ yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ, mo rò pé òkun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, nítorí ìjì líle ti kọlu etíkun yẹn léraléra. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá fi ọ̀rọ̀ tó ń gbà á lóorun hàn mí, ìwé ló kó jáde. Ó gbé àpótí irin kan sórí tábìlì. Rìsíìtì owó orí láti ọdún pípẹ́ wà nínú rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n lọ́dọọdún. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé àjákọ kan wà tó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ilẹ̀ náà kàn sí sínú rẹ̀: ọmọ, ọmọ-ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Jacksonville, èyí tó wà ní New York, èyí tó ti kú àti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé bàbá àgbà òun kò kọ ìwé ìhágún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Nítorí náà, gbogbo àrọ́mọdọ́mọ ló jọ ni ilẹ̀ náà lápapọ̀, kò sí ẹni tó lè na ọwọ́ sí igun kan pé tèmi nìyí. Láyé àtijọ́, ìyẹn ló so wọ́n pọ̀. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà fi ihò kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, tó bá ti gbàgbé ibẹ̀, lè ta ìpín rẹ̀ fún àjèjì. Àjèjì náà yóò lọ sí kóòtù pé kí wọ́n pín ilẹ̀, bí kò bá sì ṣeé pín, kóòtù lè ní kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀. Báyìí ni ilẹ̀ púpọ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà. Georgia ṣòfin ní 2012 tó jẹ́ kí àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù lè kọ́kọ́ ra ìpín ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tà, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń rà, ta ló sì ní in?

Ọdún 2012 yẹn kan náà ni owó orí ilẹ̀ Hog Hammock fò sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn olówó láti ìta ti ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé ìsinmi, iye tí ìjọba ìbílẹ̀ dá lé ilẹ̀ gbogbo wọn sì bá a lọ sókè. Kò sí ilé ìwé, kò sí ọ̀nà ọ̀dà, síbẹ̀ wọ́n ní kí ìyá arúgbó san owó bí ẹni tó kọ́ ilé ńlá. Ní 2015, àwọn ará abúlé gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso McIntosh, ìjọba ìbílẹ̀ tí Sapelo wà lábẹ́ rẹ̀, dìbò, mẹ́ta gbà, méjì kọ̀, pé ilé tí kò gbọ́dọ̀ ju 1,400 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó tẹ́lẹ̀ lè tó 3,000. Àwọn ará abúlé mọ ohun tó ń bọ̀: ilé ńlá, owó orí ńlá, kí kálukú máa tà. Wọ́n gba ìbuwọ́lùwé káàkiri McIntosh pé kí gbogbo olùdìbò dá sí i. Adájọ́ kan dá ìbò náà dúró nígbà tí àwọn kan ti ń dìbò lọ́wọ́ ní 2024. Wọn kò dẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Georgia dá wọn láre pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ìwọ̀nba ènìyàn tó lè jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló ń ja ìjà yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

Oṣù Kẹwàá 2024 ni àjálù wá dé. Ọjọ́ àjọ̀dún wọn ni, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún tí àlejò máa ń wọ́ wá jẹun, gbọ́ orin, ra apẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, afárá irin tí èrò ń gbà bọ́ sínú ọkọ̀ ní èbúté erékùṣù náà ṣẹ́. Ènìyàn méje kú, gbogbo wọn ti lé ní 70 ọdún. Iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ń pe fóònù Màmá, kò lọ, ó tún kò lọ, títí ó fi lọ. Ohun tó sọ fún wa ni pé àwọn ọmọkùnrin erékùṣù ti bọ́ sínú omi, wọ́n ń fa ènìyàn jáde. Ó ń sunkún nítorí àlejò ni gbogbo àwọn tó kú, ó sì ń tún un sọ pé wọ́n wá kí àwọn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ̀dá mi àgbà pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀ bàbá wa ní abúlé, gbogbo rẹ̀ láti etí títì dé odò, owó tí wọ́n dárúkọ sì tóbi.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo ìdí-igi ló ti gbọ́?"

"Ìdí-igi mélòó? Àwa ọmọ Ìyá Àgbà ti gbà. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì, mo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ sáà fi ohùn sí i lórí WhatsApp."

"Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní lè fi ohùn sí i. Bí a bá tà á, ibo ni a máa pè ní abúlé wa?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ tó o wà ní Amẹ́ríkà lò ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ta ló ń gbé ibẹ̀ báyìí? Ilé Bàbá ti ń wó. Èmi nìkan ni mò ń sanwó fún ẹni tó ń ro igbó."

Òtítọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Àwọn ọmọ Màmá náà kò gbé Sapelo, àmọ́ wọ́n ń dá owó orí jọ lọ́dọọdún, wọ́n ń wá tún òrùlé ṣe, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé àjákọ. Àwa kò dá kọ́bọ̀ fún bọ̀dá wa. Nílẹ̀ Yorùbá, olórí ẹbí kò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, kóòtù lè fagi lé irú títà bẹ́ẹ̀. Ààbò ńlá nìyẹn, ó ju èyí tí àwọn ará Sapelo ní lọ. Ṣùgbọ́n ààbò wo ló kù nígbà tí gbogbo ìdí-igi bá ti wà lókè òkun, tí wọ́n ń fi fóònù tẹ "mo gbà"?

Mo bẹ bọ̀dá pé kó fún mi láyè. Mo fi owó ríro igbó ránṣẹ́, mo sì ní kí gbogbo wa máa dá a láti ìsinsìnyí lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ra ìwé àjákọ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn bá mi ṣe ti ìdí-igi kejì, ó ń pe àwọn àǹtí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. A rí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí a kò mọ̀ pé ó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ odò níbẹ̀, tí ó sì ti ń sùn nínú ilé Bàbá nígbà iṣẹ́ oko. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tó gbọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní kí ọmọ náà wá rí òun.

Awọnlẹ̀ ti wọn ilẹ̀ náà báyìí, ìwé rẹ̀ sì ti jáde ní orúkọ ẹbí. Àwọn tó fẹ́ rà á ṣì ń pe bọ̀dá. Lọ́yà tí a lọ bá ní kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àjákọ fọwọ́ sí àdéhùn kan pé ẹnikẹ́ni kò ní dá ìpín tirẹ̀ tà láìkọ́kọ́ fi lọ ẹbí. Èyí tó pọ̀ jù ti fọwọ́ sí i. Ó ku àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa méjì ní London tí wọn kò tíì gbé fóònù. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí èyí àgbà nínú wọn, ìyàwó rẹ̀ ló sì dáhùn: ó ní kí n pè ní alẹ́ Sátidé, ìgbà yẹn ni ọkọ òun máa ń wà nílé.